Lẹ́yìn "ẹ kú ewu ọmọ": ọ̀rọ̀ wo la ń bi ta ni?

Wọ́n ní a-béèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Bẹ́ẹ̀ ni, tó bá jẹ́ ẹnì kan lèèyàn bi. Ìyálọ́mọ tó gba ìdáhùn lẹ́nu èèyàn márùn-ún láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo ńkọ́? Mo ti ṣe é rí. Ọjọ́ kẹta tí mo bí àkọ́bí mi n'Ìbàdàn ni ẹyinjú ọmọ pọ́n rúsúrúsú. Ìyá mi ní oòrùn àárọ̀ ni yóò gbé e lọ. Ìyá ọkọ mi ní ká po gúlúkóòsì fún un. Ìyá onílé ní omi orí ògì ni. Aládùúgbò kan ní kí n lọ ra oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu ní kẹ́míìsì. Ẹ̀gbọ́n mi fi fídíò ewé ìbẹ́pẹ ránṣẹ́ láti Èkó. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn ọmọ yìí dénú. Ọkọ mi nìkan ló ní ká gbé e lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ọjọ́ karùn-ún ló sì tó láyà láti sọ ọ́ níwájú àwọn àgbà.

Ilé ìwòsàn aládàáni tí mo bí sí ti ní ká máa lọ sílé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n fún wa ní ìwé owó, wọ́n kí wa kú oríire, ó parí. Kò sẹ́ni tó sọ ọjọ́ tí a máa padà wá, kò sì sẹ́ni tó sọ ohun tí a ó máa wò lára ìyá tàbí lára ọmọ. Ìgbà tí a délé la tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, ẹni tó bá sì wọlé wá kí wa la ń bi.

Nítorí náà, n kò ní fi àlàyé yìí kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń pọn ọmọ. Ilẹ̀kùn tó yẹ ká kàn fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo fẹ́ fi hàn yín. Ọ̀rọ̀ wà tí ìyá àgbà mọ̀ ju dókítà lọ, ọ̀rọ̀ wà tó jẹ́ ti nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ wà tó jẹ́ ti akọ̀wé ìjọba. Ọ̀rọ̀ sì wà tí kò yẹ kéèyàn bi ẹnikẹ́ni kó tó wọ mọ́tò.

Ojú tó pọ́n

Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn rere ti ń ṣe ọmọ léṣe jù. Jọ́ńdíìsì ni wọ́n ń pè é ní ọsibítù. Àwọn àgbà ń pè é ní ibà pọ́njú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibà pọ́njú tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Ẹ̀jẹ̀ tó ti gbó máa ń fọ́ nínú ara ọmọ tuntun, ohun pupa rúsúrúsú kan tí wọ́n ń pè ní bilirubin á sì jáde lára rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló yẹ kó kó o dà sínú ìgbẹ́. Ẹ̀dọ̀ ìkókó kò tíì lágbára tó bẹ́ẹ̀, ni ohun náà bá ń kó jọ sí awọ ara àti ẹyinjú. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ, á yọ ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, á sì ti lọ kó tó di bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ibẹ̀ ni oòrùn àárọ̀ ti ń gba oríyìn tí kò tọ́ sí i. Jọ́ńdíìsì tí ì bá lọ fúnra rẹ̀, wọ́n tẹ́ ọmọ sóòrùn, ó lọ, wọ́n ní oòrùn ló ṣe é. Omi ògì náà ń gba ìpín tirẹ̀ nínú oríyìn ọ̀hún. Èyí tí kò ní lọ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bilirubin tó bá pọ̀ jù á wọ inú ọpọlọ. Ó lè sọ ọmọ di adití, ó lè ba apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ títí ayé. Oòrùn kò lè sọ fún yín bóyá ó ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá gbà lára ọmọ ló lè sọ ọ́. Omi àti gúlúkóòsì tún ń dá kún un ni, torí ikùn ìkókó kéré. Tí omi bá ti kún un, kò ní mu ọyàn tó, tí kò bá mu ọyàn tó, kò ní yàgbẹ́ dáadáa, ìgbẹ́ yẹn ló sì yẹ kó gbé bilirubin jáde.

Nǹkan kan tún wà tó kan àwa gan-an. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa, àwọn ọkùnrin jù, ni kò ní tó nínú èròjà ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní G6PD. Ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í gba kánfọ̀, ìyẹn róbótó funfun tí a ń jù sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ẹ wo aṣọ tí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà lò, tí a kó pamọ́ pẹ̀lú kánfọ̀ fún ọdún mẹ́ta, tí a wá yọ jáde láàárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ẹ wo aṣọ òfì ìyá àgbà tí wọ́n fi ń gbé ọmọ náà lọ́wọ́ sọ́wọ́, inú irú àpótí kan náà ló ti jáde. Kánfọ̀ yẹn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ lọ́pọ̀ yanturu láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kí kánfọ̀ má wọ ilé ìkókó rárá ló dára jù. Èyí tó bá sì ti wà nínú aṣọ tẹ́lẹ̀, ẹ fọ aṣọ náà léraléra, kí ẹ sá a sóòrùn. Oòrùn wúlò níbẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa wò ó nìyí: ní ojúmọmọ, ẹ fi ìka tẹ iwájú orí ọmọ tàbí àyà rẹ̀, kí ẹ gbé ìka kúrò, kí ẹ wo àwọ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹ wo ẹyinjú náà. Tó bá yọ kí ọmọ tó pé wákàtí 24 láyé, tàbí tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá pọ́n, tàbí tó bá ń sùn ṣáá tí kò fẹ́ mu ọyàn, ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Iná aláwọ̀ búlúù kan ni wọ́n ń tẹ́ ọmọ sábẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá ti pọ̀ jù, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Àkọ́bí mi lo ọjọ́ mẹ́ta lábẹ́ iná yẹn. Ó ti wà ní kíláàsì kẹrin báyìí, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

Àyẹ̀wò mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ wa kì í lọ

Ọgbọ́n wà nínú bí a ṣe ń kí ìyálọ́mọ. "Ẹ kú ewu" la ń sọ fún ẹni tó ti bọ́ nínú ewu, ṣùgbọ́n ewu ìbímọ kì í tán lọ́jọ́ tí ọmọ bá ké. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ ló le jù fún ìyá àti ọmọ. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ ní 2022 pé kí ìyá tó bí sí ilé ìwòsàn lo wákàtí 24 níbẹ̀ ó kéré tán, kí wọ́n sì tún yẹ òun àti ọmọ wò lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn náà: kó tó di ọjọ́ mẹ́ta, láàárín ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 14, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà nìkan ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀, torí abẹ́rẹ́ ọmọ la sì ṣe ń lọ. Bẹ́ẹ̀, tìyá gan-an ni méjì àkọ́kọ́. Wọ́n á wọn ìfúnpá rẹ̀, wọ́n á fọwọ́ kan ikùn láti mọ̀ bóyá ilé ọmọ ti ń sún kì, wọ́n á béèrè nípa ẹ̀jẹ̀, wọ́n á wo ojú rírán àti ọyàn. Wọ́n á wọn ọmọ, wọ́n á wo ìwọ́, ojú àti bó ṣe ń mu ọyàn. Tí ibi tí ẹ bí sí kò bá dá ọjọ́ kankan fún yín, ẹ béèrè. Tí wọ́n bá sì ti ilẹ̀kùn, ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù yín ń gba ìyálọ́mọ tí kò bí sọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bí sílé, tàbí sọ́dọ̀ agbẹ̀bí ìbílẹ̀, tàbí sí ṣọ́ọ̀ṣì, kó má tìjú. Ó lè jẹ́ pé òun gan-an ló nílò àyẹ̀wò yẹn jù.

Mo fẹ́ gbeja nọ́ọ̀sì alábọ́dé díẹ̀. A máa ń fojú kéré wọn torí ilé kékeré ni, àga sì lè má tó. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí ọmọ tuntun. Ọyàn tó wú tó le bí òkúta, orí ọmú tó ya, ọmọ tó ń mu ọyàn tí kò kún inú, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ gbé e lọ. Wọ́n á ní kí ẹ fún ọmọ lọ́yàn níṣojú wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á sì rí i pé orí ọmú nìkan ni ọmọ ń fà, kò gbé awọ dúdú tó yí i ká sẹ́nu. Kò sí fídíò tó lè wo ẹnu ọmọ yín báyẹn.

Ìyá tó wá wẹ ọmọ

Kò sí ìwé tó lè rọ́pò ìyá tó di ẹrù rẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìjẹ̀bú wá wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ìyálọ́mọ sùn. Òun ló mọ ẹkún ebi yàtọ̀ sí ẹkún oorun. Òun ló ń rántí pé ìyá náà kò tíì jẹun láti àárọ̀. Fún àárẹ̀, fún ẹkún òru, fún bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ tó rọ̀ lọ́wọ́, òun ni kí ẹ bi. Dókítà á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ ni.

Àwọn ibì kan wà tí ọwọ́ àwọn màmá wa ti ń le jù. Omi fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ni èkíní. Òùngbẹ kọ́ ló ń gbẹ ọmọ náà, nínú ọgọ́rùn-ún ìpín omi ọyàn, ó ju 85 lọ tó jẹ́ omi lásán. Ọyàn pupa tó kọ́kọ́ ń jáde náà kò dọ̀tí, ohun tó ń bá àrùn jà pọ̀ nínú rẹ̀, torí náà ẹ má fún un dànù. Ìwọ́ ni èkejì. Ọṣẹ ìfọyín, òróró àti àtàǹpàkò tí wọ́n yá níná àtùpà ni wọ́n ń fi sí i. Ibẹ̀ ni ipá lè gbà wọlé. Jẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń pè ní chlorhexidine, òun ni ètò ìlera Nàìjíríà fọwọ́ sí fún ìwọ́. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kí ẹ sì rí i pé ti ìwọ́ ni, torí èyí tí wọ́n fi ń fọ ojú egbò yàtọ̀. Omi gbígbóná tí ìyálọ́mọ ń jókòó sí ni ẹ̀kẹta. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò burú. Omi tó ń hó ti bó ọ̀pọ̀ obìnrin lára, ó sì ti tú ojú rírán.

Ní ti àgbo àti oògùn eyín, màá rán yín létí ohun kan ṣoṣo. Láàárín ìparí 2008 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2009, oògùn olómi kan tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń hu eyín ní Nàìjíríà ní májèlé diethylene glycol nínú. Ọmọ 84 ló kú. Oògùn tí wọ́n tà ní ìgò tó ní lébẹ́ẹ̀lì ni o. Àgbo tí ẹnì kan sè sínú ìkòkò tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ wá ńkọ́? Kíndìnrín ìkókó kéré púpọ̀.

Báwo lèèyàn ṣe ń sọ èyí fún ìyá rẹ̀ tí kò ní dìjà? Nígbà tí mo bí èkejì, ohun tí mo sọ nìyí:

"Màmi, ẹ ṣeun. Nọ́ọ̀sì ní ká má tíì fún un lómi."

"Ṣé omi ló pa ẹ̀yin tí mo bí ni?"

"Rárá o, Màmi. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ ní Ọjọ́bọ̀, kẹ́ ẹ bi í fúnra yín."

A jọ lọ. Nọ́ọ̀sì náà kúnlẹ̀ kí wọn, ó pè wọ́n ní Ìyá Àgbà, ó ní kí wọ́n bá òun gbé ọmọ dání nígbà tí òun ń ṣàlàyé. Láti ọjọ́ náà, ìyá mi ló ń lé àwọn tó bá gbé omi wá.

Ẹ má bi ẹnikẹ́ni

Ohun tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí kò ní ìmọ̀ràn nínú, ọ̀nà ọsibítù ló wà níbẹ̀. Lára ìyá: ẹ̀jẹ̀ tó rin páàdì kan gbingbin kó tó pé wákàtí kan, orí fífọ́ tó le tí ojú sì ń ṣe bàìbàì, gìrì, ara gbígbóná, nǹkan tó ń rùn lójú ara, èémí tí kò délẹ̀ tàbí àyà dídùn, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú tó sì ń ro. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìfúnpá rẹ̀ dára nígbà oyún. Gìrì ìfúnpá lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ ti délé.

Lára ọmọ: kó má lè mu ọyàn mọ́, gìrì, kó máa mí ju ìgbà 60 lọ ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí kò sunkún, kí abẹ́ ìhà rẹ̀ máa wọlé bó ṣe ń mí, kí ara rẹ̀ gbóná tàbí kó tutù nini, kó rọ jọwọrọ, kí ìdodo rẹ̀ pọ́n tàbí kó máa ṣọyún. Ìyá àgbà lè ní afẹ́fẹ́ ló wọ̀ ọ́ lára. Ẹ ní "ẹ ṣeun, mà," kí ẹ máa gbé bàtà wọ̀. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì, ní Èkó 767 náà ń wọlé. Àmọ́ èmi kì í gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà nìkan. Ẹ ti bá ọlọ́kọ̀ kan ládùúgbò sọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí ọmọ tó dé, ẹni tó lè jí lóru. Lọ́nà, ẹ gbé ọmọ lé àyà ìyá, ara kan ara, kí òtútù má baà mú un.

Kádì abẹ́rẹ́

Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Lọ́jọ́ ìbí ni ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, ti pólíò tí wọ́n ń kán sẹ́nu, àti ti hẹpatáítìsì B, èyí tó yẹ kó wọlé kí wákàtí 24 tó pé. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá ló kàn. Abẹ́rẹ́ kan tó ń dènà àrùn márùn-ún, tó fi mọ́ ipá àti ikọ́ awúbì, wà nínú wọn. Ti pólíò náà wà níbẹ̀, àti ti òtútù àyà àti ìgbẹ́ gbuuru. Oṣù kẹfà ni fítámì A. Oṣù kẹsàn-án ni ti èèyi, ibà pọ́njú ẹlẹ́fọn àti àrùn lọ́rùnlọ́rùn, wọ́n á sì tún ti èèyi gún ní oṣù 15.

Ohun méjì ló máa ń dààmú òbí. Àkọ́kọ́, ojú ibi tí wọ́n gún fún ikọ́ ẹ̀gbẹ lápá máa ń wú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè di egbò kékeré tó ń ṣomi. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ẹ má fi ohunkóhun pa á. Èkejì, ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá máa ń bẹ̀rù kí wọ́n má bú òun, á wá jókòó sílé. Ibi tí wọ́n bá a dé ni wọ́n á ti máa bá a lọ, wọn kì í padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá bú yín, ẹ gba èébú náà, kí ẹ gba abẹ́rẹ́.

Ìwé mẹ́ta tí a ń pa pọ̀

Ilé ìwòsàn á fún yín ní bébà kan tí wọ́n kọ ọjọ́, wákàtí àti ìwọ̀n ọmọ sí. Ẹ̀rí ni pé wọ́n bí i níbẹ̀, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Ìjọba ìbílẹ̀ náà máa ń fúnni ní tirẹ̀, wọ́n sì lè gbowó rẹ̀. Èyí tí ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà máa bi yín lọ́jọ́ iwájú ni ti àjọ ìkànìyàn, NPC. Òfin tó sọ ìforúkọsílẹ̀ yìí di dandan ni òfin nọ́ńbà 69 ti 1992, ó sì ní kí òbí forúkọ ọmọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 60. Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹ wá akọ̀wé wọn ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ọ̀pọ̀ ìgbà, itòsí ibi tí wọ́n ti ń gúnni lábẹ́rẹ́ ni tábìlì rẹ̀ wà.

Kí ẹ tó lọ, ẹ jókòó lórí orúkọ. Nílé wa, bàbá àgbà, ìyá àgbà méjèèjì àti pásítọ̀ ló sọ ọmọ lórúkọ, orúkọ mẹ́sàn-án ló sì wọlé. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ mú èyí tí yóò wà nínú ìwé, kí ẹ kọ lẹ́tà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan fún akọ̀wé, torí àtúnṣe Oluwaseyi tó di Oluwashey lè gba ọjọ́ púpọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó kéré tán, ìdajì owó rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa san fún un. Tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́yàn. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọ̀sẹ̀ 16, àwọn bàbá sì ti ní ọjọ́ iṣẹ́ 14 láti 2022. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà fún ọmọ méjì àkọ́kọ́ láti 2014, bàbá sì ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Obìnrin tó ń tajà ní Bódìjà kò ní lẹ́tà tó máa kọ sẹ́nikẹ́ni. Ẹgbẹ́ ọjà àti àjọ tó ń dá ni líìfù tirẹ̀, kó sì ti bá wọn sọ ọ́ láti oṣù karùn-ún oyún.

Abísínwín, àti èyí tí a kò sọ lórúkọ

Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ pé ìbímọ lè da orí obìnrin rú. Abísínwín la ń pè é. Òjijì ló máa ń dé, nínú ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Oorun á dá, ọ̀rọ̀ á máa tú jáde, á máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́, á máa fura sí ìyá ọkọ, nígbà míì sí ọmọ pàápàá. Pàjáwìrì ni, bí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ṣe jẹ́ pàjáwìrì. Ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ibi tí dókítà ọpọlọ wà, bíi UCH n'Ìbàdàn, Yábàá l'Ékòó tàbí Arò l'Ábẹ́òkúta. Arò yìí ni Dókítà Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1954, tí aláìsàn ń gbé láàárín àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí tó bá a wá. Kí ẹbí dúró ti aláìsàn wà nínú ìtọ́jú náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Abísínwín ń gbọ́ oògùn.

Nítorí pé a ní orúkọ fún èyí tó le jù, a rò pé ẹni tí kò bá sínwín, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é. Ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Ẹkún tó ń já bọ́ láìnídìí láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹwàá wọ́pọ̀. Oorun àti èèyàn tó ń ranni lọ́wọ́ ló ń mú un lọ. Èyí tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì ti di nǹkan mìíràn: ayé sú u, oúnjẹ kò lọ, ọmọ kò wù ú gbé, ó ń rò pé òun kì í ṣe ìyá gidi, tàbí pé kí òun má sí láyé sàn. A máa ń sọ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ pé àwọn kan ń wá ọmọ lójú méjèèjì. Ìtìjú nìyẹn ń fi kún un. Ìwé ìbéèrè mẹ́wàá kan wà tí wọ́n ṣe ní Edinburgh ní 1987, wọ́n sì ti lò ó fún àwọn ìyálọ́mọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ó ń gbà. Ẹ bi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà bóyá wọ́n ní i. Tí ẹ kò bá mọ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́, ẹ ní: "Nọ́ọ̀sì, inú mi kì í dùn láti ìgbà tí mo bímọ." Ó tó.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ máa rí i. Ẹ gbà ọmọ lóru ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán, kí ẹ wo bí oorun wákàtí mẹ́rin tó gún régé ṣe ń yí ojú èèyàn padà.

Fún àwọn ará wa ní Ìlú Ọba, tí físà Màmá kò jáde: agbẹ̀bí á máa tọ́jú yín títí di ọjọ́ kẹwàá ó kéré tán, lẹ́yìn náà nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní health visitor á wá sílé yín. Òun ni kí ẹ sọ òótọ́ fún. Mo mọ̀ pé a kì í fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ilé fún òyìnbó, pàápàá torí ìbẹ̀rù pé wọ́n á gba ọmọ. Ìrànlọ́wọ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ní England, ọjọ́ 42 ni ẹ ní láti forúkọ ọmọ sílẹ̀, kì í ṣe 60.

"Ọmọ ń mu ọyàn, oyún ò lè dé"

Òótọ́ ni, bí ohun mẹ́ta bá pé pọ̀: kí ọmọ má tíì pé oṣù mẹ́fà, kí nǹkan oṣù má tíì padà, kó sì jẹ́ ọyàn nìkan ni ọmọ ń mu, tọ̀sán-tòru, láìsí omi, láìsí ògì. Tí ọ̀kan bá ti yẹ̀, ààbò náà ti yẹ̀. Oyún sì lè dé kí nǹkan oṣù àkọ́kọ́ tó yọjú, torí ẹyin ló ń ṣáájú ẹ̀jẹ̀. Yàrá ìfètòsọ́mọbíbí wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn alábọ́dé, ẹ bi wọ́n léèrè ní ọ̀sẹ̀ kẹfà kan náà, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ ń fọ́mọ lọ́yàn, torí oògùn kan wà tí wọn kì í fún ẹni tó ń fọ́mọ lọ́yàn.

Nígbà tí àkọ́bí mi pé oṣù mẹ́rin, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ògì lálaalẹ́ kó lè sùn dáadáa. Ó sùn. Àbúrò rẹ̀ fi oṣù mẹ́rìnlá tẹ̀lé e.